Ìtàn Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Oúnjẹ: Láti Orí Fáírọ́ọ̀sì dé Orí Àmì Inú Jíìnì

Àìsàn náà àti ibi tó ti gbilẹ̀

Ọ̀nà oúnjẹ ni ọ̀pá ẹran rírọ̀ tó gba inú àyà kọjá, tó ń gbé oúnjẹ láti ọ̀fun lọ sínú àpòlúkù. Jẹjẹrẹ tó ń mú ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń pa èèyàn jù lọ láyé. Ní ọdún 2020, nǹkan bí 604,000 èèyàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn káàkiri àgbáyé, nǹkan bí 544,000 ló sì kú nítorí rẹ̀ lọ́dún kan náà. Iye méjèèjì súnmọ́ ara wọn nítorí pé àìsàn yìí kì í tètè fara hàn. Ọ̀nà oúnjẹ máa ń fẹ̀ bí òkèlè bá ń kọjá, kókó inú rẹ̀ sì lè dàgbà púpọ̀ kó tó dí i. Nígbà tí òkèlè bá ti ń há, tó wá ku ohun mímu nìkan tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń kọjá agbára oníṣẹ́ abẹ.

Oríṣi méjì pàtàkì ló wà. Èkíní máa ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ tó tẹ́ inú ọ̀nà oúnjẹ, òun ló sì pọ̀ jù ní Éṣíà àti ní Áfíríkà. Èkejì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, nítòsí àpòlúkù, lára àwọn tí omi kíkan inú àpòlúkù ti ń ru sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Oríṣi kìíní ni ìtàn yìí dá lé.

Oríṣi kìíní yìí kò pín káàkiri ilẹ̀ ayé bákan náà. Ó pọ̀ gidigidi láti etí Òkun Kásípíà ní Ìráànì, gba Àárín Gbùngbùn Éṣíà, títí dé àríwá Ṣáínà. Ó tún pọ̀ ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, láti Kẹ́ńyà àti Màláwì sọ̀kalẹ̀ dé Gúúsù Áfíríkà. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá wà, kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa béèrè láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn pé kí ló wà ní ibì kan tí kò sí ní ibòmíràn: ṣé oúnjẹ ni, ṣé kòkòrò àrùn ni, àbí ohun tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ òbí?

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Linxian

Ibi tí wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí jù láyé ni Linxian, àgbègbè kan lẹ́sẹ̀ òkè Taihang ní ìpínlẹ̀ Henan, ní àríwá Ṣáínà. Láti ọdún 1994, Linzhou ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, omi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n tó la odò àtọwọ́dá gba inú òkè wọ̀lú ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará ibẹ̀ sì ti mọ àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè gbé oúnjẹ mì tipẹ́tipẹ́. Nígbà náà, iye àwọn tí jẹjẹrẹ yìí ń pa níbẹ̀ lọ́dún kan ju 100 lọ nínú 100,000 èèyàn.

Ní ọdún 1959, ikọ̀ àwọn dókítà láti Beijing dé sí Linxian, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ibùdó ìwádìí. Iṣẹ́ wọn kò rọrùn, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rí inú ọ̀nà oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará abúlé. Shen Qiong, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Henan, ló yanjú ìṣòro náà. Ó ṣe bàlúùnù kékeré kan tí wọ́n fi àwọ̀n bò. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò á gbé e mì, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, wọ́n á sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ ni àwọ̀n náà ń há sẹ́ẹ̀lì lára ògiri ọ̀nà oúnjẹ, tí wọ́n á sì fi wọ́n sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bàlúùnù yìí jẹ́ kí wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé di jẹjẹrẹ. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ kúrò nínú ìrísí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárín ọdún 1973 sí 1975, ìjọba Ṣáínà ka iye èèyàn tí jẹjẹrẹ ń pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi àbájáde rẹ̀ ṣe jáde ní ọdún 1979. Ó hàn nínú rẹ̀ pé àgbègbè méjì tí kò jìnnà síra lè yàtọ̀ síra gan-an. Àwọn olùwádìí tún ṣàkíyèsí pé àwọn adìẹ Linxian náà máa ń ní jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ọ̀fun wọn. Adìẹ kì í fa sìgá, kì í sì í mu ọtí. Èyí mú kí ojú wọn lọ sára oúnjẹ àti omi tí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn jọ ń lò.

Wọ́n rí ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rẹ sínú ìkòkò títí tí yóò fi bu, wọ́n rí àwọn èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní nítírósáámíìnì, wọ́n sì rí i pé èso àti ẹ̀fọ́ tútù kò tó nínú oúnjẹ wọn. Láti ọdún 1986 dé 1991, 29,584 èèyàn ní Linxian kópa nínú ìdánwò kan tí wọ́n ti ń fún wọn ní oògùn aṣaralóore lójoojúmọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1993: láàárín àwọn tí wọ́n fún ní beta-carotene, fítámì E àti selenium, ikú tí gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ ń fà fi ìpín 13 nínú 100 dínkù. Àǹfààní yìí hàn lórí jẹjẹrẹ àpòlúkù ju ti ọ̀nà oúnjẹ lọ. Nítorí náà, oúnjẹ nìkan kò lè jẹ́ ìdáhùn.

Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe di afurasí

Èrò pé fáírọ́ọ̀sì lè fa jẹjẹrẹ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1911, Peyton Rous, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, mú omi tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan nínú láti ara kókó jẹjẹrẹ adìẹ kan, ó fi í sára adìẹ mìíràn, ìyẹn náà sì ní jẹjẹrẹ. Wọn kò kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ní 1933, Richard Shope rí fáírọ́ọ̀sì tó ń hu kókó bí ìwo sára ehoro ìgbẹ́. Rous àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn pé kókó ehoro yìí lè di jẹjẹrẹ, àti pé bí wọ́n bá fi ọ̀dà kun awọ ehoro náà, àrùn yóò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì àti èròjà olóró lè pawọ́ pọ̀.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ ọ̀nà oúnjẹ jù lọ wá láti ara màlúù. Ní ọdún 1978, William Jarrett àti àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì Glasgow kọ̀wé nípa àwọn màlúù kan lórí àwọn òkè Scotland tí jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí ní ọ̀nà oúnjẹ. Fáírọ́ọ̀sì kan láti inú ìdílé papilloma ń hu kókó sí ọ̀fun àwọn màlúù náà. Lára màlúù ibòmíràn, irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń rọ lọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lórí òkè wọ̀nyí ń jẹ bracken, ewéko olóró tó bo pápá ibẹ̀, tó máa ń sọ agbára ara di ahẹrẹpẹ. Nínú ọ̀nà oúnjẹ tiwọn, kókó ń di jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, nígbà tí M. Saveria Campo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá DNA fáírọ́ọ̀sì náà nínú jẹjẹrẹ tó ti gbó, wọn kò rí i. Ó dà bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì náà ń dáná sílẹ̀, ó sì ń kúrò kí ilé tó jó tán.

Ní ọdún 1983 àti 1984, Harald zur Hausen àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ya oríṣi 16 àti oríṣi 18 nínú HPV, fáírọ́ọ̀sì papilloma tó ń mú ènìyàn, sọ́tọ̀ láti inú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Oríṣi méjèèjì yìí ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ láyé. Zur Hausen gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Awọ tó bo ọrùn ilé-ọmọ àti awọ inú ọ̀nà oúnjẹ jọ ara wọn gan-an lábẹ́ awò. Ó bójú mu nígbà náà láti béèrè bóyá afurasí kan náà ni.

Ìbéèrè Syrjänen àti ogún ọdún àríyànjiyàn

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ ní gbangba ni Kari Syrjänen ní Finland. Ní ọdún 1982, ó kọ̀wé pé àyípadà tí òun rí lára sẹ́ẹ̀lì àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ jọ èyí tí HPV máa ń fà lára ọrùn ilé-ọmọ. Ojú nìkan ló fi rí i lábẹ́ awò. Kò tíì sí ìdánwò DNA nínú rẹ̀. Ní 1990, Fuju Chang, tó bá Syrjänen ṣiṣẹ́, yẹ ẹran ara àwọn aláìsàn láti Ṣáínà wò, ó sì rí DNA HPV nínú díẹ̀ lára jẹjẹrẹ náà àti nínú àwọn ibi tí kò tíì di jẹjẹrẹ.

Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń rọ́ jáde, àbájáde wọn kò sì bára mu. Àwọn kan rí HPV nínú ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn mìíràn kò rí ẹyọ kan. Ní ọdún 2002, Syrjänen fúnra rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ. Nínú 1,485 jẹjẹrẹ tí wọ́n fi DNA tó ní àmì lára wá HPV nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n rí i nínú 22.9 nínú 100. Nínú 2,020 tí wọ́n fi ọ̀nà PCR yẹ̀ wò, ó jẹ́ 15.2 nínú 100. Iye tí wọ́n ń rí ga ní àwọn ibi tí àìsàn náà ti pọ̀, bí àríwá Ṣáínà, ó sì kéré ní ibi tó ti ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀nà PCR ní ewu tirẹ̀. Ó lè sọ ẹyọ DNA kan di àìmọye ẹ̀dà, débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó ta sí i láti inú ìgò mìíràn nínú yàrá àyẹ̀wò lè mú èsì irọ́ jáde. Bí èsì náà bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, HPV jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀, tó lè kọjá lára awọ láìṣe nǹkan kan. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ẹ̀sùn tó rọrùn láti kà ni, ṣùgbọ́n kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ó di dandan kí wọ́n fi hàn pé jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, pé ara aláìsàn ti bá a jà, àti pé sẹ́ẹ̀lì náà ní àpá tí fáírọ́ọ̀sì náà máa ń fi sílẹ̀.

Ní ọdún 2012, Freddy Sitas àti àwọn olùwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá èròjà tí ara fi ń bá HPV jà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọn dá. Lápapọ̀, wọn kò rí àjọṣe tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín HPV àti jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Àwọn aláìsàn díẹ̀ péré ni èròjà tó ń bá E6, purotéènì kan ti HPV 16, jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú àkójọ àwọn ẹ̀yà ara tí àjọ IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbà pé ẹ̀rí tó lórí wọn pé HPV ń fa jẹjẹrẹ níbẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ kò sí.

Ẹ̀rí tí p53 jẹ́

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà jù lọ ni jíìnì kan tó ń jẹ́ TP53. Ọdún 1979 ni wọ́n rí purotéènì rẹ̀, p53. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé òun ló ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n tó mọ̀ dájú pé ṣe ló ń dá a dúró. Bí DNA sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, p53 máa ń dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí kó mú un kú.

Fáírọ́ọ̀sì HPV tó léwu ní purotéènì méjì tó ń bá irú adènà bẹ́ẹ̀ jà. Ní 1989 ni wọ́n rí i pé E7 máa ń di Rb, adènà kejì, mú. Ní 1990 ni wọ́n rí i pé E6 máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹ p53 tirẹ̀ run. Nítorí èyí, jẹjẹrẹ tí HPV fà kì í sábà nílò kí jíìnì TP53 bàjẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ti mú purotéènì rẹ̀ kúrò, jíìnì náà sì wà bó ṣe wà. Ní ọdún 1990 kan náà, Monica Hollstein, Curtis Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé pé jíìnì TP53 sábà máa ń bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ.

Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere nígbà tí wọ́n fi ọ̀fun wé ọ̀nà oúnjẹ. Ní ọdún 2000, Maura Gillison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé HPV 16 ń fa apá kan nínú jẹjẹrẹ ẹ̀yìn ọ̀fun, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ahọ́n, àti pé TP53 kì í sábà bàjẹ́ nínú wọn. Nínú irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, purotéènì p16 máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ nítorí pé E7 ti di Rb mú, débi pé àwọn dókítà ń fi p16 dá a mọ̀. Nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ, òdìkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: CDKN2A, jíìnì tó ń ṣe p16, ti bàjẹ́ tàbí ti pàdánù. Ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà ló ya ẹ̀yìn ọ̀fun sí ọ̀nà oúnjẹ, àmì inú wọn sì tako ara wọn.

Àmì tí ọmọ ń jogún

Ọ̀wọ́ ìwádìí mìíràn wo inú ẹbí. Ní ọdún 1958, àwọn dókítà ní Liverpool ṣàpèjúwe ìdílé méjì tí awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn máa ń nípọn, tí jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ sì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣírò lẹ́yìn náà pé bí ẹni tó jogún rẹ̀ bá pé ọmọ ọdún 65, ewu pé yóò ti ní jẹjẹrẹ náà tó 95 nínú 100. Ọdún 2012 ni wọ́n tó rí jíìnì tó wà nídìí rẹ̀, RHBDF2. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé àṣìṣe jíìnì kan ṣoṣo lè tó fa àìsàn yìí, láìsí fáírọ́ọ̀sì.

Àmì tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ wà nínú jíìnì ALDH2. Bí ọtí bá wọ inú ara, ara á sọ ọ́ di èròjà olóró kan, acetaldehyde, ALDH2 ni yóò sì sọ èyí di ohun tí kò léwu. Ọ̀pọ̀ ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà jogún oríṣi ALDH2 tí kò ní agbára tó. Ojú wọn máa ń pọ́n bí wọ́n bá mu ọtí díẹ̀. Ní Japan ni àwọn olùwádìí, tí Akira Yokoyama wà lára wọn, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1990 pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń mutí déédéé, ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ lára rẹ̀ ga gidigidi. Bí kò bá mutí, jíìnì náà kò ní lè ṣe é ní ibi. Ní ọdún 2010, ikọ̀ méjì tó yẹ àpapọ̀ jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà wò rí àmì mìíràn nítòsí jíìnì PLCE1, ṣùgbọ́n ewu tó ń dá kún un kéré lára ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo DNA jẹjẹrẹ náà

Láti ọdún 2014 ni àwọn ikọ̀ ní Ṣáínà ti ń ka DNA jẹjẹrẹ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. TP53 ló bàjẹ́ jù lọ, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn jẹjẹrẹ náà. NOTCH1, CDKN2A àti NFE2L2 tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2017, àkójọ The Cancer Genome Atlas ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí lórí 164 jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ jáde. Wọn kò rí ẹ̀rí pé jíìnì HPV ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Wọ́n tún rí i pé oríṣi méjì tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ síra tó fi jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n máa kà wọ́n sí àìsàn kan ṣoṣo.

Ìwádìí kan ní Bìrìtìkó ní ọdún 2018 kọ́ àwọn onímọ̀ ní ìṣọ́ra. Iñigo Martincorena àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà oúnjẹ àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ wò, wọ́n sì rí i pé bí èèyàn bá ti ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì tí NOTCH1 rẹ̀ ti yí padà lè bo èyí tó pọ̀ nínú ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Àmì NOTCH1 tilẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀nà oúnjẹ tí ara rẹ̀ dá ju inú jẹjẹrẹ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, rírí àyípadà jíìnì nínú kókó jẹjẹrẹ kò tó láti sọ pé òun ló fà á, gẹ́gẹ́ bí rírí HPV níbẹ̀ kò ṣe tó.

Ní ọdún 2021, IARC àti àwọn alájọṣe rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí 552 jẹjẹrẹ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ jáde: Ṣáínà, Ìráànì, Japan, Bìrìtìkó, Bràsíì, Kẹ́ńyà, Màláwì àti Tansaníà. Wọ́n retí pé àpá tí ohun kan láti ìta fi sílẹ̀ nínú DNA ní àwọn ibi tí àìsàn ti gbilẹ̀ yóò yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpá sìgá àti ti ọtí hàn lára àwọn kan, ṣùgbọ́n kò sí àpá tó lè ṣàlàyé ìdí tí àìsàn náà fi pọ̀ ní ibì kan tó sì ṣọ̀wọ́n ní ibòmíràn. Àpá tó hàn nínú ohun tó lé ní 8 nínú 10 ni ti APOBEC, ọ̀wọ́ èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ba DNA fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé jẹ́. Ohun ìjà yìí lè ba DNA sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó máa ń hàn nínú jẹjẹrẹ tí HPV fà, ó sì máa ń hàn nínú àwọn tí fáírọ́ọ̀sì kò dé rárá, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí pé HPV ti wà níbẹ̀ rí.

Ibi tí ìmọ̀ dúró sí

Nínú gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, HPV kò jẹ̀bi ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Bí ó bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí ìpinnu yìí níye lórí ju ìpinnu náà fúnra rẹ̀ lọ: wọ́n kúrò lórí bíbéèrè bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹran ara, wọ́n bọ́ sórí bíbéèrè ohun tó ṣe síbẹ̀. TP53 àti p16 ló dáhùn.

Èyí kan ilẹ̀ wa lọ́nà kan. Láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ọrùn ilé-ọmọ ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí ti dájú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé yóò dáàbò bo ọ̀nà oúnjẹ. Ní ti ọ̀nà oúnjẹ, ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ká kò yí padà: kí a yàgò fún sìgá, kí a dín ọtí kù, kí a má máa mu nǹkan tó gbóná ju 65°C lọ, èyí tí IARC sọ ní ọdún 2016 pé ó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ níbẹ̀, kí èso àti ẹ̀fọ́ tútù má sì wọ́n nínú oúnjẹ. Ẹni tí òkèlè bá ń há lọ́fun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí yóò ku omi nìkan kó tó lọ rí dókítà.